Ẹ Fi Ẹyẹ Odò Ọya Lọ́rùn Sílẹ̀

Ṣé dandan ni kí a tẹ iyanrìn tí ẹyẹ yé sí mọ́lẹ̀ kí a tó lè yà á ní fọ́tò? Ní àárọ̀ yìí ní Lọ́kọ́jà, àwọn ayafọ́tò tún wa ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ gúnlẹ̀ sáàárín ìtẹ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbàkígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fa omi tí iyanrìn sì yọrí. Ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ta ni yóò wá kìlọ̀ fún ẹyin tí ìyá rẹ̀ rọra fi iyanrìn bò, tí ó ń fi ìyẹ́ ikùn rẹ̀ gbé omi wá tù ú lára lọ́sàn-án gangan? Bí ẹ bá lé ìyá lọ, ṣé ẹ̀yin ni ẹ óò máa pọnmi? Mo rí ẹyin kan tó fọ́ sójú ẹsẹ̀ bàtà, omi rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ yín!