Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń já bàálù oko lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà

"Ẹ́ńjìnnì ló kú!" Ohun tí ẹ ó gbọ́ nìyẹn, láti Bódìjà dé Mọ́níyà, tí fídíò bàálù tó ń fín oògùn sóko bá dé orí WhatsApp: ó sáré, ó gbéra díẹ̀, ó lọ forí sọ igbó. Wọ́n á ní bàálù kékeré fúyẹ́, kí ló lè dí i lọ́wọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yé sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì máa ń kú lóòótọ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń ṣiṣẹ́ geere títí bàálù fi já.

Ẹ wo bàálù oko kan tí wọ́n ń pè ní Air Tractor AT-802: táǹkì oògùn rẹ̀ ń gba nǹkan bíi 3,000 lítà. Tí omi bá kún un, tọ́ọ̀nù mẹ́ta nìyẹn, ó sì tó ìwọ̀n bàálù náà fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ṣófo. Ṣé ìyẹn ló fúyẹ́?

Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ bàálù. Tí ẹrù bá fi ìdá 10 nínú 100 lé sí i, ọ̀nà tó máa sá kó tó gbéra á fi nǹkan bí ìdá 20 gùn sí i. Atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀yìn fẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá eré tó fi ń gbéra, á fi ìdá 20 kún un. Ilẹ̀ rírọ̀ á fi 25 kún un, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Orí ara wọn ni wọ́n sì ń gùn: tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ibi tí 500 mítà ti tó tẹ́lẹ̀ á di 900.

Ooru ń kọ́? Àwọn kan gbà pé ooru ló ń gbé nǹkan sókè. Rárá o! Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, apá bàálù ò ní rí nǹkan gúnmọ́ tẹ̀ mọ́. Pápá bàálù Alákìà n'Ìbàdàn fi nǹkan bíi 220 mítà ga ju òkun lọ. Lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru bá wọ 35, bàálù tó fẹ́ gbéra níbẹ̀ á máa ṣe bíi pé orí òkè 1,000 mítà ló wà.

Ohun tó ń tan awakọ̀ jẹ ni pé bàálù á kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Tó bá ṣì wà nítòsí ilẹ̀, ilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Tó bá ti ga tó gígùn apá rẹ̀ méjèèjì, ìrànlọ́wọ́ náà tán. Ẹ tún fídíò yẹn wò, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí: imú bàálù wà lókè, ìdí rẹ̀ ń wọlẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ò dín kù rárá.

Irin kan wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó jẹ́ pé tó bá fà á, oògùn inú táǹkì á dà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí bàálù bá kọ̀ tí kò gbéra dáadáa, kó tó dé ìparí pápá ló yẹ kó fà á.