Fóòmù inú ògiri ò lè mú ṣẹ́ẹ̀dì yín móoru o

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ gan-an pé téèyàn bá ti ki fóòmù sára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé (ilé pákó kékeré tá a ń kó irinṣẹ́ sí), tó wá fi plywood bò ó, òtútù ti parí nìyẹn? Gbogbo èèyàn ló gbà á gbọ́, irọ́ sì ni.

Fóòmù kì í ṣe iná. Ẹ rọ omi tútù sínú fláàsìkì kẹ́ ẹ dé e pa, ṣé ó máa gbóná ni? Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kí ooru tó wà nílẹ̀ má tètè sá jáde, ṣẹ́ẹ̀dì tí ò wá ní hítà, tí oòrùn ò ráyè wọ̀, ooru wo ló fẹ́ dì mú? Tí òtútù bá mú lóde fún ọjọ́ bíi mélòó kan, inú ẹ̀ náà á tutù bákan náà, ó kàn máa pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀ ni. Kódà oòrùn lè yọ kí ìta ti máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí inú ṣì tutù bíi tàná.

Tẹ́ ẹ bá ń jókòó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú hítà kékeré, ìyẹn yàtọ̀, owó fóòmù ò ṣòfò.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ti omi. Àwọn èèyàn á lẹ fóòmù mọ́ pákó ìta pinpin, òjò á rin pákó, kò ní ráyè gbẹ, afẹ́fẹ́ inú tó lómi lára náà á gba ojú ibi tí plywood ti pàdé kọjá, á lọ bá pákó tútù, á wá làágùn bí ìgò omi tútù, ẹ ò sì ní mọ̀ títí á fi máa rùn (èmi náà ṣe é rí, nígbà tí mo tú u, èbu dúdú ló kí mi káàbọ̀). Ẹ fi àlàfo bíi 25 mm sílẹ̀ láàárín pákó àti fóòmù, kí afẹ́fẹ́ máa gba ìsàlẹ̀ wọlé kó gba òkè jáde. Tẹ́ ẹ bá máa tan hítà, ẹ̀yìn plywood lápá inú ni náílọ́nù tó ń dá omi inú afẹ́fẹ́ dúró ń gbé, kì í ṣe ara pákó ìta.

Tí kò bá sí hítà ńkọ́? Ẹ fowó yẹn tún òrùlé tó ń jò ṣe, ẹ tẹ́ náílọ́nù sábẹ́ pákó ilẹ̀ rẹ̀, ẹ lu ihò afẹ́fẹ́ sí i, torí omi ló ń mú ṣọ́bìrì dógùn-ún, kì í ṣe òtútù. Ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò nìkan ni kẹ́ ẹ gbé wọnú ilé, tó bá ti dì bíi yìnyín, ó sábà máa ń bàjẹ́ ni.