Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, ó tó gẹ́ẹ́!

Ṣé mi ò sọ ọ́ lórí fóònù ni? Mo ní, "Bọ̀dá, abúlé ni o, lójú ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wọlé, òjò oṣù Kẹsàn-án sì ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀." Wọ́n ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti débi tó burú jùyẹn lọ."

Wọ́n kó ẹrù ní Iléṣà, wọ́n débẹ̀, táyà yí lójú kan lẹ́ẹ̀mejì péré, ni wọ́n bá já fíríìjì mi sílẹ̀ sábẹ́ igi kòkó. Wọ́n ní, "Ẹ fowó kún un!" Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n máa ṣe é fún mi. Àwọn ọmọ tó yẹ kó rù ú wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi (tuntun o, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀), wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Òjò ń ṣú bọ̀.

Ọmọlanke ni mo padà fi kó o.