Ẹ Bá Wa Wá Ìyà Tí Táyé Jẹ

Tí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé báyìí, ìyà á di ọ̀wọ́n gógó nílé àwọn Yorùbá tó wà ní Houston àti Maryland. Owó wà, ọkọ̀ wà, ilé wà. Ìyà gan-an la ò rí. Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ àròkọ nípa ara rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ, ẹnì kan sì ti lọ sọ fún àwọn òbí pé èyí tí kò bá lómijé nínú kì í wọlé. Bàbá jẹ́ dókítà, ìyá jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà, ọmọ ti ń kọ́ dùùrù láti kékeré. Ibo ni ìyà fẹ́ gbà wọlé?

Ẹjọ́ ló dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ fún Harvard àti Yunifásítì North Carolina pé kí wọ́n yé fi àwọ̀ ara gba akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ Adájọ́ Àgbà John Roberts ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀: ọmọ lè sọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe kan ìgbésí ayé rẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má gba ẹ̀yìn àròkọ ṣe ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kà léèwọ̀ tán. Àwọn yunifásítì gbọ́ ti àkọ́kọ́ ketekete. Nígbà tó kan èkejì, etí wọn di. Sarah Lawrence College tiẹ̀ da ọ̀rọ̀ adájọ́ náà kọ sínú ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn ọmọ.

Èmi tí mo ti wọ yunifásítì ni wọ́n wá ń pè báyìí, bí ẹni pé babaláwo ni mí. Ìyá àwọn ìbejì kan fi àròkọ Táyé ránṣẹ́ sí mi.

"Ọmọ mi, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé o ò rí ibi tí wọ́n ti fojú ọmọ mi gbolẹ̀ níbẹ̀?"

"Mọ́mì, ó ní wọn ò yan òun ṣe olórí ẹgbẹ́ àríyànjiyàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àwọ̀ nìyẹn! Ta ni wọ́n yàn?"

"Ọmọ Nàìjíríà ni, Mà. Ọmọ Ìjẹ̀bú."

"Má kọ ìyẹn síbẹ̀."

Bí a ò bá rí ìyà lára ọmọ, a ó yá ti ìyá àgbà. Nínú gbogbo àròkọ tí wọ́n ń kó fún mi, ìyá àgbà kan kì í ṣaláìpọnmi lódò. Ti Táyé yìí, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹ̀rọ omi ń ṣàn nílé wọn ní Bódìjà, sólà sì wà lórí òrùlé. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù náà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, èyí tí ọmọ gbé lọ síléèwé tí àwọn òyìnbó yínmú sí. Ká má purọ́, àwọn òyìnbó yẹn ló ń bá a jẹ ẹ́ tán.

Àwọn òbí yìí kan náà ló ń sọ lóde àríyá pé, "Ẹ má bá àwọn akátá yẹn rìn o, àwa ò rí bẹ́ẹ̀." Ẹ gbé fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ta ni aláwọ̀ dúdú síwájú wọn, kẹ́ ẹ wá wo bí ọwọ́ wọn á ṣe yá tó. Láti 2004 ni Lani Guinier àti Henry Louis Gates, ọ̀jọ̀gbọ́n Harvard méjèèjì, ti ń sọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ibẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Áfíríkà àti Karíbíánì. Àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú wá dà? Nígbà tí James Meredith fẹ́ di ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ Yunifásítì Mississippi ní 1962, ènìyàn méjì kú nínú rògbòdìyàn náà, sójà kún ọgbà kó tó wọ kíláàsì. Lexus Dádì ni Táyé gbé lọ wo ọgbà tiẹ̀, ó wá fẹ́ yá ìyà Meredith lò.

Àwọn yunifásítì náà kúkú fẹ́ràn àwòrán ju ènìyàn lọ. Ní 2000, Yunifásítì Wisconsin ní Madison fi kọ̀ǹpútà lẹ ojú akẹ́kọ̀ọ́ dúdú kan mọ́ àárín àwọn òyìnbó tó ń wo bọ́ọ̀lù, níwájú ìwé ìpolówó wọn. Ọmọ náà ò débẹ̀ rárá. Tiwa ò nílò kọ̀ǹpútà: ọ̀rẹ́ mi kan wà lójú ewé àkọ́kọ́, ó wà nínú láàbù tí kò wọ̀ rí, ó wà lórí koríko tó ń bá àwọn tí kò mọ̀ rẹ́rìn-ín. Tí olùkọ́ bá ní ká pín ara wa sí ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, òun ló máa ń ṣẹ́ kù.

Ìfẹ́ yẹn náà ò pẹ́. Ní Texas, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024 ní kí yunifásítì ìjọba ti ọ́fíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí irú wa pa. Yunifásítì Texas tó wà ní Austin kọ́kọ́ yí orúkọ tiẹ̀ padà. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, wọ́n tì í, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 60 sì dèrò ilé. MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá yẹn, tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó jẹ́ dúdú máa ń tó 13 nínú 100, 5 péré ló kù ní 2024. Pẹ̀lú gbogbo omijé tí a kọ!

Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2025, Trump pàṣẹ kí àwọn yunifásítì kó àkọsílẹ̀ àwọ̀ àwọn tó ń wá ààyè jáde, kí ìjọba lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń fi àwọ̀ gba ọmọ. Ìyá ìbejì tún pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé ká yọ ìyà yẹn kúrò?"

"Kí la máa fi rọ́pò rẹ̀, Mà?"

"Kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn Amẹ́ríkà gan-an. Rárá, dúró ná, Kẹ́hìndé ti kọ ìyẹn."