Ìka ò dọ́gba, àmọ́ “equal” kọ́ ló parọ́

Ẹ dárúkọ “equal” láàárín àwọn èèyàn wa, kí ẹ wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ jáde, tí yóò ya ìka márààrún sílẹ̀, tí yóò ní, “Ṣé ìka dọ́gba ni?” Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹni tó sọ pé èèyàn jẹ́ “equal” ti di aláìmọ̀kan lójú gbogbo ìjókòó.

Ìka ò dọ́gba lóòótọ́. Àmọ́ gígùn la fi wọ̀n wọ́n. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ọmọńdinrín, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ìrora rẹ̀ kéré sí ti àtàǹpàkò.

Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a ti mú “equal” ní “bákan náà”. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ míì fún bákan náà: “same” ni. “Equal” ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Kílò ìrẹsì kan àti kílò ẹ̀wà kan dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tó fi ìrẹsì lọ mọ́ínmọ́ín. Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara “aequus”, èyí tó túmọ̀ sí ohun tó tẹ́jú, tí apá kan rẹ̀ ò ga ju apá kejì lọ.

Ibi tó ti hàn jù ni àmì tí gbogbo wa kọ́ nílé ìwé, =. Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, oníṣègùn tó tún mọ ìṣirò, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1557. Ó ti sú u láti máa kọ “is equal to” léraléra, ló bá fa ilà méjì tó gùn bákan náà, ó ní kò sí nǹkan méjì tó tún lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Orúkọ tó pe àwọn ilà náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn túmọ̀ sí ilà ìbejì. Ẹ ò rí i bí! Ìyá ìbejì lè rán aṣọ kan náà fún àwọn méjèèjì, kó bu oúnjẹ wọn dọ́gba, síbẹ̀ Táyé kì í ṣe Kẹ́hìndé. Bó bá jẹ́ “bákan náà” ni Recorde ní lọ́kàn, ilà kan ṣoṣo ì bá tó o.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ò tilẹ̀ ka àmì yẹn sí ìdọ́gba mọ́. “Ìdáhùn rèé” ni wọ́n ń kà á sí. Ẹ kọ 8 + 4 = … + 5 fún ọmọ yín kó fi nọ́ńbà sáàárín. Bó bá kọ 12, ẹ má nà án o. Ẹ̀rọ ìṣirò tí a ń tẹ̀ wà lára ohun tó ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. 7 ni ìdáhùn, torí òṣùwọ̀n ni = jẹ́, apá méjèèjì gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí òfin, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe èèyàn léṣe. Lọ́dún 1776, àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde òmìnira wọn pé ẹ̀dá gbogbo ni a dá ní “equal”. Wọn ò sọ pé ènìyàn dọ́gba ní gíga tàbí ní ọpọlọ; ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n Thomas Jefferson tó kọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹrú nílé. Nígbà tó di 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fọwọ́ sí òfin ìpínlẹ̀ Louisiana tó ní kí aláwọ̀ dúdú àti funfun wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ti jẹ́ “equal”. Àwọn tó ń jókòó nínú ọkọ̀ mọ bó ṣe rí. 1954 ni ilé ẹjọ́ kan náà tó gbà pé, ní ti ilé ìwé, ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ti ba ìdọ́gba jẹ́.

Nílé wa ńkọ́? Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni Èkó ní, mẹ́ta náà ni Bayelsa ní. Ẹ kọjá sílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, Èkó ní 24, Bayelsa ní 5. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà lọ́hùn-ún, iye èèyàn ni wọ́n ń wò níhìn-ín. Ẹni tó bá ń pariwo pé ọ̀kan nínú méjèèjì kò dọ́gba, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé “all things being equal” tí a fẹ́ràn jù ní Nàìjíríà. A ti sọ ọ́ di “bí Ọlọ́run bá fẹ́”. Ohun tó túmọ̀ sí gan-an ni “bí gbogbo nǹkan yòókù ò bá yí padà”, kò sì ṣèlérí kankan. Bí àlejò yín bá ní òun ń bọ̀ lálẹ́ òní, “all things being equal”, ẹ má tíì gbé ìkòkò kaná.