Etí òkun Èkó ni àbí ọ̀sà Lẹ́kì? Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ bá wa dá sí i

Ọmọ Gbọ̀nmi:
Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì ni mo gbé wá. Àwa àgbà á tó ọgbọ̀n, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á tó méjìlá. Gbogbo ẹnu ló ń wí pé etí òkun l'Ékòó ni ká tún lọ, bí a ṣe máa ń ṣe. Èmi ò fara mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní ká yà sí Ẹ̀pẹ́, ká wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọ̀sà Lẹ́kì. Kì í ṣe Lẹ́kì àwọn ilé ńláńlá tí ẹ mọ̀ yẹn o. Ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀sà yìí wà. Omi rẹ̀ kò níyọ̀, ó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 247, ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì jìn tó mítà 3.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, omi ta sí mi létè, mo fahọ́n lá a, n kò gbọ́ iyọ̀. Mo sọ ọ́ jáde. Ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní Òṣogbo. Ó ní, "Omi yín náà ni." Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Àṣé òótọ́ ló sọ! Odò Ọ̀ṣun tó ń gba inú igbó Ọ̀ṣun wa kọjá, tó wọ adágún Aṣéjire lọ, inú ọ̀sà yẹn ló ń dà sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí i.

Ìyá Ìbejì Ìgbóǹnà:
Ọmọ mi, o kú akitiyan. Ṣùgbọ́n òkun ni òkun ń jẹ́. Àwọn ìbejì mi ti ń ka ọjọ́ láti oṣù Ọ̀wàrà. Wọ́n fẹ́ fi iyanrìn mọ ilé, wọ́n fẹ́ gẹṣin, wọ́n fẹ́ kí ìgbì omi máa lé wọn kiri. Kí ni kí wọ́n wá ṣe lórí ọ̀sà? Kí wọ́n káwọ́ gbera nínú ọkọ̀, kí wọ́n máa wo ewéko?

Dẹ́rẹ́bà Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ̀yìn ìyá wa ni mo wà. Ọ̀nà etí òkun ni mo mọ̀.

Télọ̀ Ayétòrò:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ojú mi ló ṣe. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, èmi àti àbúrò mi lọ sí etí òkun kan l'Ékòó. Omi ò ju orúnkún mi lọ, mo kàn dúró síbẹ̀ ni. Ìgbì kan dé, ó ń padà lọ, mo mọ̀ ọ́n lára bí iyanrìn ṣe ń yọ́ kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa ẹní lábẹ́ ẹni. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́. Mo ń wẹ̀ bọ̀ wá sétí, ẹ̀yìn ni mò ń lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń yáni ní àga níbẹ̀ ló figbe ta pé, "Má bọ̀ níwájú! Gba ẹ̀gbẹ́! Gba ẹ̀gbẹ́!" Mo gba ẹ̀gbẹ́, omi sì tú mi sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ìgbì bá ti da omi jọ sí etí, ojú kan tóóró ni omi ọ̀hún máa ń wá gbà padà sínú òkun, agbára rẹ̀ sì ju ti ẹni tó mọ̀wẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń bá a jà ni yóò rẹ̀, tí yóò sì rì. Owó ìwọlé la san lọ́jọ́ náà o, a ò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó ń ṣọ́ omi. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú mà, ọmọ ọdún mẹ́fà ò lè mọ ìgbà tó yẹ kó gba ẹ̀gbẹ́.

Ìyá Ìbejì Ìgbóǹnà:
Háà! Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí i. O ṣeun tí o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé omi ọ̀sà kì í gbé èèyàn lọ ni?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Òṣogbo:
Ó ń gbé e mà. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, n kò ní parọ́ fún yín. Iyọ̀ inú òkun máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti léfòó; ọ̀sà wa kò ní in, ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa wẹ̀ nínú òkun yóò rí i pé ara òun wúwo níbẹ̀. Àárọ̀ ni omi náà máa ń pa rọ́rọ́ bí omi inú àwo. Tó bá ti di ọ̀sán, atẹ́gùn á fẹ́ wọlé láti òkun. Torí pé kò jìn, kíákíá ló máa ń ru, ìgbì rẹ̀ á kúrú, á sì máa gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ léraléra.

Ẹ tún fi ti gbéborùn kún un, ewé aláwọ̀ ewé tó ń léfòó yẹn, tí òdòdó rẹ̀ jọ àlùkò. Nínú ọ̀sà Èkó, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn máa ń pa á. Lọ́dọ̀ wa kò sí iyọ̀ tí yóò pa á. Ó lè dí ọ̀nà ọkọ̀ mọ́ èèyàn, á sì fi gbòǹgbò rẹ̀ wé ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé, ẹ má wọ ọkọ̀ tí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá pé. Ìgbà kan wà tí mo mú àlejò lọ, wọ́n kó jákẹ́ẹ̀tì fún wa, mẹ́ta nínú wọn kò ní ohun tí a fi ń so ó níwájú, okùn àpò ìrẹsì ni wọ́n fi sí i. Mo dá gbogbo wa padà sí èbúté. Àwọn àlejò mi bínú, n kò kábàámọ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Ọlọ́run bùkún fún ẹ, ọmọ Ẹ̀pẹ́. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan, kò sì sí ẹni tó tíì mẹ́nu bà á: àtọ̀sí ajá. Ìgbín kékeré inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ omi tó dákẹ́, níbi tí koríko wà, ni ìgbín ọ̀hún ń lẹ̀ mọ́, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Bí oòrùn bá ti mú, pàápàá nígbà tó bá ń kan àtàrí, ó máa ń tú kòkòrò náà sínú omi. Kò ní kí ẹ mu omi, kò ní kí ẹ ní egbò; awọ ara tó dá ṣáká ló ń gbà wọlé. Ó lè tó oṣù méjì, mẹ́ta kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Kì í gbé inú òkun rárá, omi tí kò níyọ̀ ni ilé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀sà dára ju òkun lọ ní gbogbo ọ̀nà, kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Alárìnká:
Bó bá jẹ́ omi tí kò níyọ̀ la ń wá, kí la ń wá dé Ẹ̀pẹ́? Adágún Erinlẹ̀ nìyẹn l'Ẹ́dẹ, kò jìnnà sí wa. Owó mọ́tò nìkan tí a máa fi lọ sí Ẹ̀pẹ́ á bọ́ gbogbo wa yó níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó o. Wọ́n ti ṣàyẹ̀wò ìtọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àwọn abúlé tó yí Erinlẹ̀ ká, wọ́n sì bá àtọ̀sí ajá lára wọn. Ó sì jẹ́ omi tí wọ́n ń fà lọ sí ẹ̀rọ ìjọba fún mímu. N kò sọ pé ẹ má lọ wò ó. Ẹ sáà má jẹ́ kí ọmọ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé odò Ọ̀ṣun tí a ń wò tó ń pọ́n bí omi amọ̀ yìí náà lẹ ní ká gbé ọmọ tọ̀ lọ? Ilé wa ni wọ́n ti ń wa góòlù, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ń wú ilẹ̀ etí odò, wọ́n ń fọ̀ ọ́ sínú omi. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀ kìlọ̀ lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà. Ìyá mi àgbà mu ún títí ó fi kú, èmi ò lè fi bọ́jú. Ó máa ń dùn mí bí mo bá kọjá lórí afárá.

Ọmọ Gbọ̀nmi:
Ó ń dun èmi náà, ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ Ẹ̀pẹ́ gan-an nìyẹn. Àwọn ọmọ wa gbà pé ohun tí a bá dà sódò ti lọ nìyẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ibi tó lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí àwọn apẹja tó ń kó ọ̀bọ̀kún, àrọ̀ àti ẹpìyà jáde nínú rẹ̀ lọ sí ọjà Olúwo. Nínú igbó Ọ̀ṣun níbí, èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja. Níbẹ̀, omi kan náà ló ń bọ́ ìlú. Ẹni tó bá fojú rí èyí, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo láti ju ọ̀rá sódò.

Ní ti wíwẹ̀, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. A ò ní wẹ̀. Orí èbúté la ó ti wọkọ̀, orí èbúté la ó ti sọ̀.

Dẹ́rẹ́bà Òkè-Baálẹ̀:
Mo ti ronú sí i. Bó bá jẹ́ Ẹ̀pẹ́, a ò ní wọ Èkó rárá. Láti Ìbàdàn, a ó gba Ìdí-Ayùnré jáde sí Ìjẹ̀bú-Òde, a dé Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Mo bọ́ lọ́wọ́ họ́ọ̀dù Èkó. Ṣùgbọ́n n kì í fi òru gbé ọmọ ọlọ́mọ. Tí mo bá gbéra láago mẹ́fà àárọ̀, ọ̀sán á ti fẹ́ẹ̀ pọ́n ká tó dé èbúté, atẹ́gùn tí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń wí á sì ti dé. Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, ká sùn síbẹ̀.

Alárìnká:
Owó ilé ìtura ń kọ́?

Ọmọ Gbọ̀nmi:
Owó ìwọlé àti owó àga létí òkun tí a máa ń san, ká kó o síbẹ̀. Èyí tó bá kù, èmi àti akápò á jọ wò ó.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Òṣogbo:
Dẹ́rẹ́bà sọ òótọ́. Aago méje àárọ̀ ló dáa ká wọkọ̀. Bí ọyẹ́ bá mú gan-an tí kùrukùru bolẹ̀, a ò ní ṣí o. Ó dìgbà tí a bá rí òdìkejì.

Ìyá Ìbejì Ìgbóǹnà:
Ẹ ti borí mi. Iyanrìn nìkan ni mo máa bẹ àwọn ọmọ mi fún, n ó ra bọ́ọ̀lù fún wọn. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì àgbà kọ́ ni wọ́n máa wọ̀ fún wọn? Mo ti rí ọmọ tí tiẹ̀ ń gòkè bo ojú.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní Òṣogbo:
Ìbéèrè tó yẹ lẹ bi, mà. Ti àgbà kò wúlò fún ọmọdé, ó máa ń yọ lọ́rùn wọn nínú omi ni. Ti ọmọdé máa ń ní okùn tó gba àárín itan kọjá, ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n sì fi ń yàn án. Ẹ wọ̀ ọ́ fún wọn, kí ẹ dì í mú níbi èjìká, kí ẹ gbé e sókè. Bó bá ti kọjá etí, ó ti tóbi jù. Mo máa pe ọlọ́kọ̀ lónìí. Kílò mélòó ni wọ́n?

Ìyá Ìbejì Ìgbóǹnà:
Táíwò kílò 19, Kẹ́hìndé kílò 21. Bá mi bi í bóyá méjèèjì wà, kó tó gba owó lọ́wọ́ wa.