Kò sí òfin tó ní kí wọ́n mú ìyá nítorí ọmọ

Ẹni tó bá ń ná Ọjà Ọba ní Òṣogbo á ti gbọ́ ọ rí: "Bí ọlọ́pàá ò bá rí ọmọ, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa gbé." Bí òfin ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Irọ́ ni, ẹ̀yin ará. Òfin gan-an ló kọ̀ ọ́.

Abala 36 nínú Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò afurasí. Ṣáájú ìyẹn, òfin ètò ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní ACJA, ti ọdún 2015, ti sọ ohun kan náà ní abala 7. Ìyá ni o, ìyàwó ni o, àbúrò ni o, kò sí ẹni tí òfin yọ̀ǹda.

Kí ló wá dé tí gbogbo wa gbà á gbọ́? Nítorí pé ó ń ṣẹlẹ̀ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbé ìyá ní àárọ̀, ọmọ á yọjú ní ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò á ní òfin ló wí bẹ́ẹ̀. Ó sì tún ti pẹ́ lára wa. Láyé ìwọ̀fà, ẹbí lè fi ọmọ sin olówó nítorí gbèsè tí ọmọ náà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ayé yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn wa, ó sì ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ gbèsè yìí gan-an ló le jù. Owó àjọ, owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọjà àwìn: àwọn ni wọ́n sábà máa ń tìtorí wọn gbé ìyá ẹni lọ sí tẹ́sàn. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ní wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ lásán. Ẹni tó jẹ gbèsè fúnra rẹ̀ kò yẹ ní mímú, áńbọ̀sìbọ́sí ìyá rẹ̀. Kóòtù ni kí olówó gbà lọ. Ti ẹni tó fi jìbìtì gba owó yàtọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì jẹ́jọ́ rẹ̀.

Ìyá tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀daràn pamọ́ ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Onídùúró náà ti fọwọ́ síwèé pé afurasí á yọjú, ohun tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ni yóò dáhùn fún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Bí wọ́n bá gbé ìyá yín, ẹ bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀. Abala 35 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú ènìyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ sí Yorùbá. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé afurasí débẹ̀. Ní Òṣogbo, kóòtù wà láàárín ìlú.

Ẹ má sì san owó béèlì. Ọ̀fẹ́ ni béèlì, afurasí ló sì wà fún. Ẹni tí kò ṣẹ̀, ṣe ni kí wọ́n tú u sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá lọ́yà. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ lágbára láti pàṣẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀, abala 35 yẹn kan náà sì ní ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà àìtọ́ gbọ́dọ̀ gba owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba.